Àwọn Ọ̀gá Inú Kámẹ́rà ní Abà Jagun

Wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde tí mo ti wọ bàtà òjò, tí mo sì ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Bàbá Tóyìn, ọkọ mi, fi tọ́ọ̀ṣì sìn mí dé ẹnu géètì. Mo rò pé yóò ṣàdúrà fún mi kí ọ̀nà là. Ohun tó sọ ni pé, "Ìyá Tóyìn, jọ̀ọ́, tí o bá dé Igbó-Ọrà, má jẹ ìlasa o."

Ẹni tó bá mọ Igbó-Ọrà yóò mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ìlú ìbejì ni. Agboolé tí ẹ bá yà sí, ẹ ó bá Táíwò àti Kẹ́hìndé níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì máa ń sọ pé ìlasa, ìyẹn ewé ilá tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, wà lára ohun tó ń fà á. Ọmọ mẹ́ta ni àwa bí, owó ilé ìwé wọn sì ti sọ orí ọkọ mi di funfun. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọ̀bọ ni mo ń wá lọ, n ò wá ìbejì.

Iṣẹ́ mi ni láti wádìí ẹranko igbó: ibi tí wọ́n ń sùn, ohun tí wọ́n ń jẹ, bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé. Tí mo bá ṣàlàyé rẹ̀ báyìí fún àwọn èèyàn wa ní Ìjẹ̀bú, wọ́n á ní, "Wọ́n wá ń sanwó fún un?" Ní ìrìn àjò mi tó ṣáájú eléyìí, mo so kámẹ́rà kan mọ́ igi létí ọ̀nà oko nínú igbó tó wà lẹ́yìn Abà Jagun, abúlé àwọn àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Igbó-Ọrà, ní ọ̀nà ìlú Tápà. Kámẹ́rà náà kì í dúró de ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Bí ohun ẹlẹ́mìí bá ti kọjá níwájú rẹ̀, á yà á fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀sán tàbí òru.

Àwọn ará abà ní ọ̀bọ wà nínú igbó náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó ọ̀gá mi. Ó ti sọ ọ́ kedere pé bí n kò bá mú àwòrán ọ̀bọ dé lọ́tẹ̀ yìí, kí n tú kámẹ́rà wálé. Èyí tó tún burú jù ni pé àwọn agégẹdú ti wá bá Baálẹ̀ abà náà, wọ́n fẹ́ ra gbogbo igi tó wà níbẹ̀. Baálẹ̀ ní òun á wo ohun tí ẹ̀rọ mi rí ná. Bí igbó bá ṣófo, kí ló dé tí òun ò ní tà á? Ọrùn mi ni odidi igbó kan wà bí mo ṣe ń wọ mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta.

Ní Abẹ́òkúta ni mo ti wọ ọkọ̀ Igbó-Ọrà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni wọ́n gbà, wọ́n sì fún èmi àti bàbá kan tó gbé àkùkọ lọ́wọ́ ní àga kan ṣoṣo níwájú. Nínú àwa mẹ́ta, àkùkọ yẹn ló jókòó dáadáa jù. Ọ̀nà náà dára títí ó fi bàjẹ́. Nígbà tó bàjẹ́ tán, dẹ́rẹ́bà wa ò wakọ̀ mọ́, ṣe ló ń bá kòtò kọ̀ọ̀kan dúnàádúrà.

"Màmá," ó ní, "iṣẹ́ kí lẹ ń lọ ṣe ní ọ̀dọ̀ wa?"

"Mo ń lọ wo ọ̀bọ."

Ó yíjú wò mí, kòtò kan sì lo àǹfààní yẹn dáadáa. "Ṣé ọ̀bọ ò sí ní Ìjẹ̀bú ni?"

Bàbá alákùkọ ló bá mi dáhùn: "Wọ́n ti jẹ wọ́n tán ni."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ní ilẹ̀ Ìbàràpá, níbi tí Igbó-Ọrà wà, ni ìkíni. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó ń kánjú lọ sọ́jà á juwọ́ sí ọ, ó parí. Ní Igbó-Ọrà, obìnrin tó ru apẹ̀rẹ̀ pákí tó kún dẹ́nu á dúró, á tẹ orúnkún pẹ̀lú ẹrù lórí, á sì kí ọ títí ojú á fi tì ọ́. Wọ́n kí mi kú ìrìn, wọ́n kí mi kú ọ̀nà, ìyá arúgbó kan wo bàtà mi, ó sì kí mi kú ẹrẹ̀. Ìkíni yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán mi lókun nígbà tí mo débi olóúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Láfún ló wà níbẹ̀, ìlasa nìkan ni ọbẹ̀ tó kù. Mo rántí Bàbá Tóyìn. Ṣùgbọ́n Bàbá Tóyìn ò sí níbẹ̀, ebi ló wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ sí i.

Rájí ni ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi lọ sí abà. Ọmọ abà yẹn ni, kì í sì í dákẹ́ lórí ọ̀kadà. Bí a ṣe ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ni mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú, tí mo ń ké pe Jésù. Òun ń fọkàn balẹ̀ bi mí léèrè àlàáfíà.

"Dókítà, àwọn ọ̀gá yín ńkọ́? Àwọn inú kámẹ́rà yẹn?"

Mo rò pé àwọn ọ̀gá mi ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ló ń béèrè. Mo ní ara wọn le.

"A dúpẹ́. Èmi náà máa ń kí wọn tí mo bá ń kọjá."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ní ìdí igi tí mo so kámẹ́rà mọ́, mo bá àwo tánganran kan, ó mọ́ tónítóní. Ó yà mí lẹ́nu, àmọ́ mo gbé e fún Rájí, mo yọ káàdì tí àwòrán máa ń wà nínú rẹ̀, a sì padà sí abà. Baálẹ̀ ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, gbogbo abà sì ti pé jọ. Ọkùnrin kan fa ewúrẹ́ tó ń wúkọ́ wá, ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé dókítà ẹranko ni mí, kí n gún un lábẹ́rẹ́. Mo ní ọ̀bọ nìkan ni mo mọ̀. Ó wo ewúrẹ́, ó wò mí, ó ní kí ni ìyàtọ̀?

Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo fi káàdì sí i. Àwòrán àkọ́kọ́ jáde: Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, ó ṣí fìlà sọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Èyí tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú koríko tútù, ọkọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́ta lórí ìkúnlẹ̀, ẹrù igi lórí wọn. Lẹ́yìn wọn, Rájí, ó pa ọ̀kadà, ó dọ̀bálẹ̀ sójú ọ̀nà. Àárọ̀ ni wọ́n ń lọ sóko, wọ́n kí i. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bọ̀, wọ́n tún kí i.

"Ẹ dákun," mo ní, "kí lẹ ń ṣe níwájú ẹ̀rọ yìí?"

Baálẹ̀ ló dáhùn. "Dókítà, ìwọ lo sọ fún wa nígbà tó o wá so ó, pé àwọn ọ̀gá rẹ ni yóò máa wo ẹni tó bá ń kọjá. Ṣé ká wá máa kọjá lára àgbà ká má kí i? Kí wọ́n lè lọ máa sọ káàkiri pé Ìbàràpá ò lẹ́kọ̀ọ́?"

Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ti ba ìwádìí mi jẹ́. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, àwòrán ń jáde, ẹni tó kúnlẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹni tó dọ̀bálẹ̀, kò sí ìrù ọ̀bọ kankan. Àwọn ará abà ń gbádùn ara wọn, wọ́n ń tọ́ka sí ara wọn. Baálẹ̀ tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn agégẹdú ló fẹ́ sọ.

Ìgbà náà ni obìnrin kan hàn nínú àwòrán, ó wọ hìjáàbù pupa, ó kúnlẹ̀, ó gbé àwo tánganran yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ìyá Ìbejì ni, òun náà ló dúró lẹ́yìn mi, ó pọn Táíwò, Kẹ́hìndé di ìró rẹ̀ mú.

"Èmi rèé!" ó ní. "Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń se ẹ̀wà, tí mo fi ń ṣe sàráà fún àwọn ọmọ mi. Mo ní n ó máa bu ti àwọn ọ̀gá yín lọ. Ẹ ò lè fi àlejò sínú igbó kẹ́ ẹ má fún un lóúnjẹ. Wọ́n sì mọ oore o! Bí mo bá padà lọ, wọ́n á ti jẹ ẹ́ tán, àwo á mọ́ bí ẹni pé wọ́n fọ̀ ọ́."

"Ìyá Ìbejì," mo ní, "kámẹ́rà kì í jẹun."

"Ta ló wá ń jẹ ẹ́?"

Mo tẹ èyí tó kàn. Ọwọ́ dúdú onírun kan yọ létí àwo. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Àgbà ọ̀bọ kan ti jókòó, ó gbé àwo lé itan, ẹ̀wà kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Òmíràn ń lá ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá ọ̀bọ kan wà lẹ́yìn wọn, ọmọ rẹ̀ so mọ́ ọn láyà, ó na ọwọ́ sí àwo.

Ariwo sọ. Èmi fò sókè, omijé ayọ̀ bọ́ lójú mi, mo dì mọ́ ẹni tó sún mọ́ mi jù, òun ni ọkùnrin tó ni ewúrẹ́. Ìyá Ìbejì ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ọ̀bọ ni mo ń kúnlẹ̀ fún!" Rájí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Obìnrin náà yíjú sí i: "Ìwọ tó dọ̀bálẹ̀ ńkọ́?" Ẹ̀rín tán lẹ́nu Rájí.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo rántí iṣẹ́. Mo ṣàlàyé fún Ìyá Ìbejì pé kò yẹ kí á máa fún ẹranko igbó lóúnjẹ, wọn á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wá tiwọn, wọn á sì máa wọ oko olóko. Ó gbọ́ mi tán, ó tún wo ìyá ọ̀bọ inú àwòrán náà pẹ́.

"Ẹ ò mọ̀ pé ìbátan ìbejì ni wọ́n? Nílé tiwa, a kì í pa á, a kì í jẹ ẹ́. Ẹ tún wò ó, abiyamọ ni. Èmi ni kí n gba àwo lẹ́nu abiyamọ?"

A fà á síwájú, a fà á sẹ́yìn. Níkẹyìn, ó gbà pé òun ò ní gbé ẹ̀wà lọ sígbó mọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹsẹ̀ ara wọn wá sílé, òun ò ní lé wọn. Mo fara mọ́ ọn, nítorí mo mọ ìgbà tí wọ́n ti borí mi.

Baálẹ̀ wá ní kí Rájí bá òun pe nọ́ńbà àwọn agégẹdú, ó gbé fóònù sétí. "Ẹ má wulẹ̀ wá mọ́," ó ní. "Igbó yẹn ò ṣófo. Àwọn àlejò wa ló ń gbé ibẹ̀." A gbọ́ ohùn ẹni náà nínú fóònù bó ṣe ń fowó kún owó. Baálẹ̀ mi orí. "Ọ̀rọ̀ náà ò yé ẹ. Wọ́n ti jẹ sàráà wa. Ẹni tó ti bá wa jẹun, ṣé a ó wá wó ilé lé e lórí ni?" Ó pa fóònù, ó sì béèrè bóyá ẹ̀wà ṣì kù nílé Ìyá Ìbejì.

Kí n tó máa lọ, mo tú kámẹ́rà kúrò lójú ọ̀nà oko, mo gbé e wọ inú igbó lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní ráyè máa kí i. Rájí dúró dè mí létí igbó. Mo rìn kọjá níwájú ẹ̀rọ náà láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, mo da àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì dá káàdì padà.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú nígbà tí mo délé pẹ̀lú ìdì ewé tí Ìyá Ìbejì fún mi. Mo sè é. Bàbá Tóyìn jẹ ẹ́, ó ní ọbẹ̀ yìí mà dùn o, kí n tún bu díẹ̀ sí i. Mo bù ú, n ò sì pe orúkọ ewé. Mo wá ṣí àwòrán fún un bó ṣe ń jẹun. Mo sọ fún un pé ìwà ọ̀bọ ni mo lọ kọ́, ti èèyàn ni mo kọ́ bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín àwọn tó dọ̀bálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín ọ̀bọ tó gbé àwo lé itan, títí a fi dé àwòrán tó gbẹ̀yìn. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, ó wọ bàtà òjò, báàgì wà léjìká rẹ̀, ó kúnlẹ̀ láàárín igbó.

Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ìyá Tóyìn, ṣé ìwọ kọ́ nìyí? Ta lò ń kí níbi tí kò séèyàn?"

Mo ní, "Àwọn onílé ni."