Ìka Tí A Fi Làálì Kùn Ló Pa Taqiyya

Taqiyya, obìnrin tó ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri gbogbo abúlé orí òkè wa yìí, kú lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Àrùn afúnnilọ́fun ló pa á, àrùn tí òun fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀ wá tipẹ́ pé ká jẹ́ kí òun gba àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wá síbi ìsìnkú láti ilé-iṣẹ́ ìlera tó rán an níṣẹ́. Ògiri ojú ọ̀nà wa kún fún àwòrán àwọn tí ogun pa. Kò sí ibì kan tí wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀ sí. Àbí kì í ṣe ogun lòun náà ń jà?

Ohùn rẹ̀ la máa ń gbọ́ ká tó rí i. Láti ìsàlẹ̀ òkè, tòun ti àpótí yìnyín léjìká, á ti máa pariwo: "Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ gbé tíì kaná o! Ẹ má fi ṣúgà háwọ́ o!" Bọ́mọ bá ń ké, á ní, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ìwọ ni wọ́n gún, èmi ni mo gun òkè. Ta ló yẹ kó ké nínú wa?" Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, bó ṣe jẹ́ ẹ nìyẹn. Ṣé wọ́n tiẹ̀ gún òun náà lábẹ́rẹ́? Rárá. Wọ́n ní kò ní kárí.

Ọmọ tó bá ti gbabẹ́rẹ́, Taqiyya á fi yíǹkì dúdú kun ìka kékeré rẹ̀, kí wọ́n má baà gún un lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí ẹnì kan sọ lórí rédíò pé abẹ́rẹ́ náà ń sọni di àgàn, àwọn aláṣẹ gbọ́, wọ́n panu mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ tiwọn àti ti ẹni orí rédíò náà ti lọ gba tiwọn nílẹ̀ òkèèrè.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rédíò yẹn, àwa obìnrin jókòó ní yàrá làálì, à ń kun ọwọ́ ìyàwó tuntun kan. Alhaja Muhsina mú ìka Hamud, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó tì í bọ inú làálì dúdú.

"Ó ti gbà á nìyẹn. Kí Taqiyya wá gún ìyá ẹ̀!"

"Ìyá àgbà ti di dókítà o!" ni obìnrin kan wí.

A rẹ́rìn-ín títí. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, mo na ìka ọmọ àbúrò mi síwájú pẹ̀lú. Nígbà tí Taqiyya dé, ó rí ìka dúdú, ó rò pé ẹlẹgbẹ́ òun lẹ́nu iṣẹ́ ló ti kọjá. "Ẹ ṣeun, wọ́n ti bá mi dín iṣẹ́ kù." Ó mu tíì rẹ̀, ó lọ. Àwa padà sídìí làálì wa.

Ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dun Hamud lẹ́yìn náà. Taqiyya gbé e lé itan, ó ní, "Eléyìí ti gbabẹ́rẹ́, òtútù lásán ni." Ó la ẹnu rẹ̀ wò, ọmọ náà wúkọ́ sí i lójú. Alhaja jókòó níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ìtìjú ò jẹ́ kó sọ pé làálì ni.

Wọ́n gbé Hamud lọ sílùú, wọ́n rí oògùn fún un, ó yè. Nígbà tí àrùn náà wá mú Taqiyya, oògùn wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa ní ilé-iṣẹ́ ìlera. Ọ̀gá tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ wà níbi tó ti ń rún káàtì lẹ́nu, ewé amúnilóríyá tí wọ́n máa ń jẹ lọ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kò sì láyà láti dà á láàmú. Kó tó dìde, ọ̀fun Taqiyya ti dí.

Mo pe ọ̀gá náà. "Obìnrin yẹn kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa," ó ní. "Ó kàn ń ràn wá lọ́wọ́ ni."

Ó ràn yín lọ́wọ́ dé ibojì! Kí ọ̀gá yìí jáde síta, kó sọ ìdí tí oògùn fi wà nílé tí èèyàn fi kú. Kí ẹni orí rédíò wá sọ ibi tí ọmọ-ọmọ tiẹ̀ ti gbabẹ́rẹ́. Kí àwọn aláṣẹ tó panu mọ́ dìde pẹ̀lú wọn. Àbí àwa obìnrin yàrá làálì nìkan ni yóò máa jẹ ẹ̀bi yìí?

Níbi tí a ti lọ kí àwọn ọmọ Taqiyya, Alhaja Muhsina fà mí lápá. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Ọmọ mi, wọ́n ní o fẹ́ kọ ọ́ síwèé ìròyìn. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni. Dárúkọ mi."

Mo ti dárúkọ rẹ̀. Mo ti ka ara mi mọ́ ọn. Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ máa dárúkọ tiyín?