Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Onígbàjámọ̀

Onígbàjámọ̀ kan wà tó gbà tọkàntọkàn pé ní gbogbo àdúgbò òun, kò sí ẹni tó ń wo gọ́ọ̀fù lórí tẹlifíṣọ̀n tó òun. Kò parọ́. Láti ìgbà tó bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ títí tó fi máa tì í, àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ló máa ń wà lójú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Bí oníbàárà bá ní kó yí i sí ìròyìn, á ní rìmóòtù ti sọnù, bẹ́ẹ̀ inú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ló wà. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló ti ń wò ó bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù; bó bá wà nílé, oorun ló máa ń sùn níwájú tẹlifíṣọ̀n. Gọ́ọ̀fù tiẹ̀ fúnra rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Tó bá di Sátidé, tó bá gbé ọ̀pá sókè tó gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á yí gbirigbiri lórí koríko, á sì dúró nítòsí bíi pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Èyí ì bá má dùn ún tó bẹ́ẹ̀, ká ní àbúrò ìyàwó rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ sí gbá gọ́ọ̀fù. Káfíńtà ni àbúrò ìyàwó yìí, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò tíì ju oṣù mẹ́rìnlá lọ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá àlòkù mẹ́ta péré ló sì ní. Lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, á wá sí pálọ̀ onígbàjámọ̀, á wo gọ́ọ̀fù fún ìdajì wákàtí, ohun kan ṣoṣo lá sì máa wò: ọwọ́ lónìí, èjìká lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà á dìde, á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fún omi tó mu, á sì gba pápá lọ láti lọ dán ohun tó rí wò. Bọ́ọ̀lù tiẹ̀ ń lọ réré.

Ìlara mú onígbàjámọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan náà lórúkọ tó ń jẹ́. Ó máa ń fi òwe tu ara rẹ̀ nínú pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ó kàn jẹ́ pé ní ti gọ́ọ̀fù, àkísà gan-an ni ohun tí òun ní. Èyí tó ń dùn ún jù ni pé orí tẹlifíṣọ̀n òun, nínú pálọ̀ òun, lórí àga òun, ni ọmọ yìí ti ń kó ẹ̀kọ́ náà lọ. Kí ló ń rí tí òun kò rí?

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀ nígbà tí ìdíje eléèyàn méjì-méjì sún mọ́. Ọdún mẹ́rin ni onígbàjámọ̀ àti apòògùn tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀ ti jọ ń gbá ìdíje yìí, ipò ìkẹyìn ni wọ́n sì ń gbé wálé lọ́dọọdún. Lọ́dún yìí, apòògùn ní òun kò fẹ́ ṣe ojúsàájú: kí onígbàjámọ̀ àti àna rẹ̀ gbá ihò mẹ́sàn-án ní Sátidé, ẹni tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù ni òun á mú. Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Nígbà tó délé, kò lè jẹun. Ọ̀rẹ́ òun ló fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì yẹn.

Ló bá hu ìwà kan tí kò yẹ àgbà. Lọ́jọ́ Àìkú, kí àna rẹ̀ tó dé, ó yọ wáyà kan lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, ó ní ó ti bàjẹ́. Ìyàwó rẹ̀ wo wáyà náà, ó wo ọkọ rẹ̀. Nígbà tí káfíńtà dé, ó ní kò sí wàhálà, irun òun kúkú ti kún, òun á wá gẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun á sì wo díẹ̀ níbẹ̀.

Bí owú onígbàjámọ̀ ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ fa káfíńtà wá sí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, káfíńtà jókòó, ó kọjú sí dígí ńlá. Ara ògiri ẹ̀yìn ni tẹlifíṣọ̀n wà, nítorí náà inú dígí ni ẹni tó jókòó àti ẹni tó ń gẹ irun ti máa ń wò ó. Káfíńtà wò ó títí, ó tún rántí bí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń dúró ní pápá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Tí àwọn yẹn bá gbá bọ́ọ̀lù tán, ẹsẹ̀ wo ni wọ́n máa ń fara tì?”

“Ọ̀tún,” ni onígbàjámọ̀ dáhùn kíá. Ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án.

“Inú dígí lẹ ti ń wò ó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ yíjú padà.”

Onígbàjámọ̀ kò yíjú. Ó ní kó gbé orí dúró jẹ́ẹ́ kí òun má baà gé e létí. Ó ní òun ti mọ gọ́ọ̀fù kí ọmọ káfíńtà tó mọ̀ pé ọ̀pá gọ́ọ̀fù yàtọ̀ sí igi àga. Káfíńtà gbé orí dúró. Nígbà tí wọ́n gẹ̀ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, ó lọ.

Bó ṣe jáde, onígbàjámọ̀ ti ilẹ̀kùn, ó sì yíjú padà. Ẹsẹ̀ òsì ni. Gbogbo wọn pátá, ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n ń fara tì. Ó ti pẹ́ tí dígí kò ti lè tan ọwọ́ rẹ̀ jẹ mọ́. Bó bá rí etí oníbàárà nínú dígí, ọwọ́ á mọ ibi tó máa gbà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gẹ irun rí. Òsì tí dígí sọ di ọ̀tún ló gbà, tó sì ń fi ṣe gọ́ọ̀fù láti gbogbo ọdún yìí wá. Ó jókòó pẹ̀lẹ́ sórí àga oníbàárà. Ẹ má rò pé ọpẹ́ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé, nínú gbogbo èèyàn tó ń jókòó sórí àga yìí, ṣé ọmọ yìí náà ló tún yẹ kó rí i?

Láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń lọ sí pápá, ó ń kọ́ láti fara ti ẹsẹ̀ òsì. Lọ́jọ́ kìíní ó ṣubú lórí eékún. Lọ́jọ́ kẹta, bọ́ọ̀lù gbéra, ó lọ, kò sì tètè balẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ní Sátidé, mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ti onígbàjámọ̀, mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ti káfíńtà. Ẹnu ya apòògùn. Ó bi onígbàjámọ̀ pé ta ló kọ́ ọ.

“Tẹlifíṣọ̀n ni,” ni onígbàjámọ̀ wí. “Wíwò náà ni.”

Apòògùn ní òun ti máa ń rò pé asán ni gbogbo wíwò yẹn, pé ẹni tó ń wo eré kọ́ ló ń ṣe é. Ó kọjú sí káfíńtà, ó bi í bóyá òótọ́ ni.

“Òótọ́ ni,” ni káfíńtà fèsì. “Ẹ̀gbọ́n máa ń wò ó dáadáa.”

Onígbàjámọ̀ wo ojú àna rẹ̀. Ìlara ló ń wá níbẹ̀, kó kàn jẹ́ díẹ̀ báyìí, èyí tó máa jẹ́ kí àṣeyọrí rẹ̀ dùn lẹ́nu. Ó wo ojú, ó wo ẹnu, ó wo ọwọ́ tó nà sí òun láti kí òun kú oríire. Kò rí nǹkan kan. Inú ọkùnrin náà dùn tinútinú ni.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá apòògùn mú un. Ó ní ó mú òun. Obìnrin náà ní kí ló wá dé tó lejú bẹ́ẹ̀, àbí àbúrò òun ló ṣe é ní nǹkan?

“Kò ṣe mí ní nǹkan kan,” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.”