Ife Àlejò

Ọjọ́ tí ìyàwó mi, Sàfíátù, pàtẹ iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ní Sokodé, nílẹ̀ Tógò, ni ọjọ́ tí kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọ ẹ̀yà Tem tó ni Sokodé ni. Ará Kambolé ni mí, ìlú àwa Yorùbá. Lọ́dọ̀ wa, ilé kọ̀ọ̀kan ní ife páànù kan tí àlejò fi ń mu omi, tí onílé kì í fẹnu kàn. Ọdún mẹ́ta ni Sàfíátù fi tọrọ wọn láti ilé dé ilé. Ó fi okùn so gbogbo wọn rọ̀ sínú gbọ̀ngàn iléèwé kan, lábẹ́ àwòrán Ààrẹ.

Aládùúgbò wa kan ní, "Ìyàwó wa, ṣé tíì lo fẹ́ máa tà ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Mo ń wò wọ́n lọ títí mo fi rí ọ̀kan tí etí rẹ̀ ti ya. Ti ilé ìyá mi ni.

"Ta ló fún ọ?"

"Ìyá yín ni, Bàbá Ráfíù. Ife yẹn ni wọ́n fi ń fún mi lómi láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi wọlé."

Ọdún mọ́kànlá! Mo máa ń jókòó tì í níbẹ̀, n kò rí i. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n èrò pọ̀, mo ní ó di ilé. Nígbà tí a délé, mo ní ó di ọ̀la. Ọdún kẹrin rèé tí a ti sin Sàfíátù, n kò sì tíì sọ ọ́.