Okùn Pupa Tó So Ọ̀pá Rédíò

Ọkọ mi kò mọ̀wé jù mí lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sáṣọ ládùúgbò wa láìkọ́kọ́ bi í bóyá òjò máa rọ̀. Bàbá Òjò ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, pákó ló ń kó, ọ̀nà ìsàlẹ̀ tó gba orí afárá odò ló sì ń tọ̀. Láàárọ̀ kùtù, rédíò máa ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí àti bóyá odò ti kún. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti kọjá òkè, ohùn yẹn á di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ra ọ̀pá rédíò tó ga ju èèyàn lọ, tó rì í mọ́ iwájú ọkọ̀. Ó ní, "Ẹni tó ra kúkúrú, ẹwà ló rà. Èmi, ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Alágbàfọ̀ lèmi. Okùn ìsáṣọ mi dábùú àgbàlá, gbogbo ìgbà tó bá sì ń wọlé ni ọ̀pá rẹ̀ ń kọ́ aṣọ oníbàárà. Mo ní kó yáa tẹ ọ̀pá náà kó so ó mọ́lẹ̀, àbí kóun àti ọkọ̀ lọ sùn sí títì. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá okùn pupa kan. Òun ló ń so ó nírọ̀lẹ́. Èmi ni mo ń tú u láàárọ̀ tó bá ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a jà lórí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí ọ̀pá ya. Mo kẹ̀yìn sí i. Mi ò tú okùn. Òun náà ò wò ó, ó rò pé mo ti tú u. Gbogbo awakọ̀ ló gbọ́ pé omi ti bo afárá. Òun nìkan ni kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n fa ọkọ̀ àti òkú rẹ̀ jáde nínú odò, ọ̀pá ti kán, okùn pupa ṣì wà lára rẹ̀ gírígírí. Ọjọ́ yẹn ni mo tó tú u. Mo gbé e sábẹ́ àpótí. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, èmi náà ò sì sọ.

Lẹ́yìn ọdún méjì, àbígbẹ̀yìn mi obìnrin tún ọkọ̀ náà ṣe, ó ní òun máa wà á. A wà á lọ sọ́dọ̀ atúnrédíòṣe láti ra ọ̀pá mìíràn.

"Màmá, ẹ wo èyí," ni ọkùnrin náà wí. "Kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òrùlé ọkọ̀, ó parí."

"Ṣé ó ń gbọ́rọ̀ lẹ́yìn òkè?"

Ó họrí. "Ó ń gbọ́ níbí, Màmá."

"Ibí kọ́ ni mo béèrè."

Ọmọ mi dá sí i: "Màmi, ọ̀pá gíga yẹn dà bí ìwo ìgbín. Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní gáréèjì."

"Kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, kó o ṣáà máa padà wálé."

Atúnrédíòṣe gun ọkọ̀, ó tan rédíò kó lè fi kékeré náà hàn wá. Rédíò ń ṣe ṣàà, ṣàà. Ẹnì kan wúkọ́ nínú rẹ̀, bí ọkọ mi ṣe máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn: "Omi ti bo afárá. Ẹ má gba ọ̀nà ìsàlẹ̀."

Òrùn ń ràn gan-an lójú ọ̀run. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Wáyà ọ̀pá náà ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Mi ò tíì kì í bọ rédíò," ló wí.

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ lanu. "Ẹ bá wa gbé ìwo ìgbín yẹn wá."

Nírọ̀lẹ́, ọ̀pá tuntun kọ́ okùn ìsáṣọ. Kí n tó wí nǹkan kan, ọmọ mi ti yọ okùn pupa lábẹ́ àpótí, ó ti so ó bí bàbá rẹ̀ ṣe ń so ó. Ilẹ̀ mọ́, mo sáré jáde láti tú u. Ó ti tú. Okùn náà ká jọ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù rinrin, ó ń rùn bí ẹrẹ̀ odò. Ilẹ̀ àgbàlá sì gbẹ táútáú.

"Ìwọ lo tú u?"

"Màmi, ṣé ẹ ò rí i pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni?"

Mo jókòó sílẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mi ò tú okùn láàárọ̀ tí bàbá rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi tipẹ́," ló wí. Ó wọlé lọ mú ọ̀bẹ, ó kì í sí mi lọ́wọ́, ó sì nawọ́ sí okùn ìsáṣọ. Mo gé e.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń sáṣọ báyìí. Òrùn kì í débẹ̀ dáadáa, àwọn oníbàárà ń kùn. Kí wọ́n máa kùn. Ọ̀pá ọmọ mi dúró gangan tọ̀sán-tòru.

Mo gbé okùn pupa kọ́ sára ìṣó nínú yàrá mi. Èmi tí mo mọ iye wákàtí tí aṣọ kọ̀ọ̀kan fi ń gbẹ, oṣù kẹta rèé, okùn yẹn ò tíì gbẹ.