Igi Tíìkì Bàbá Mi àti Yunifásítì Mẹ́ta

Mo rántí ìgbà tí èmi àti àbúrò mi obìnrin máa ń fi ewé tíìkì tútù ra ọwọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ wa yóò fi pọ́n bíi ti ìyàwó tó lé làálì. Ẹ̀yìn oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi ni àwọn igi náà wà, ní Ìwòyè-Kétu, níbi tí èèyàn ti lè máa roko ní Nàìjíríà kó sì máa gbọ́ àkùkọ tó ń kọ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọdún tí wọ́n bí mi ni bàbá mi gbìn wọ́n. Kò fi wọ́n kọ́lé, kò fi wọ́n fẹ́yàwó kejì, bẹ́ẹ̀ àwọn onígẹdú kò yéé wá bẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn kan náà ló máa ń fún wọn: "Ìwé àwọn ọmọ mi ló dúró yẹn." Àwa méjì péré ni Ọlọ́run fi fún un. Òfin ilé wa kò sì ṣòro láti mọ̀: ẹ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ wọ yunifásítì, bó bá jáde, àbúrò á tẹ̀lé e. Àbúrò kì í ṣáájú ẹ̀gbọ́n, ì báà jẹ́ nídìí àwo oúnjẹ, ì báà jẹ́ nílé ọkọ.

Nígbà tí mo parí girama, yunifásítì mẹ́ta ló wà níwájú mi, ti ìjọba sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ìpínlẹ̀ ní ọgbà kan ní Ayétòrò, níbi tí mo ti lè máa wá gbé gàrí nílé lópin ọ̀sẹ̀, àmọ́ owó ilé-ìwé wọn wọ́n. Ti ìjọba àpapọ̀ jìnnà, owó tirẹ̀ kéré, orúkọ rẹ̀ sì tóbi. Wọ́n ní òkun ìmọ̀ làwọn olùkọ́ ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbàkigbà tí wọ́n bá bá ìjọba jà, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹta wà lódìkejì ẹnubodè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Kétu lọ́hùn-ún sọ pé owó táṣẹ́rẹ́ ni ìjọba ọ̀hún ń gbà, kìkì pé èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni.

Ayétòrò ni bàbá mi fẹ́. "Ẹ̀kọ́ ni ẹ̀kọ́ ń jẹ́," ló wí, "ọ̀nà kan kò wọ ọjà." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rò pé kí ni ẹni tó ń ta láfún mọ̀ nípa yunifásítì? Mo wá fi ọgbọ́n bá a sọ̀rọ̀: "Bàbá, owó ti ìjọba àpapọ̀ kò pọ̀. Igi á ṣẹ́kù fún àbúrò mi." Inú rẹ̀ dùn, ó gbàdúrà fún mi pẹ́. Irọ́ ni mo pa. Ọmọ oníṣòwò oògùn àdúgbò wa ló wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ yunifásítì náà sí láyà wá sí yídì lọ́jọ́ Iléyá, tí gbogbo obìnrin ń yọjú wò ó. Ẹ̀wù yẹn ni mo ń yàn.

Lọ́dún àkọ́kọ́, máàkì mi kò tó. Mo yíjú sí ti ìpínlẹ̀, wọ́n ní àwọn tó fi àwọn ṣe àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù làwọn ń gbà. Lọ́dún kejì, mo tún fi ti ìjọba àpapọ̀ ṣe àkọ́kọ́, bí ẹni tí wọ́n ṣépè fún. Máàkì kò tún tó. Àbúrò mi ti jáde girama nígbà náà, èsì tirẹ̀ sì dára ju tèmi lọ. Ó ti ń bá màmá wa ná ọjà Kétu láti kékeré, ó ń sọ Faransé bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá láti Kétu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Ẹ jẹ́ n mú àbúrò yìí lọ," ló wí. "Ilé mi ni yóò máa gbé. Igi kan kò ní wó."

Bàbá mi kírun tán, ó pè mí. "Ìwọ lẹ̀gbọ́n, ẹnu rẹ la ó gbọ́. Ṣé kó máa lọ ná?"

Àbúrò mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń retí lẹ́nu mi. Mo bú sẹ́kún. "Ṣé kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Kí àbúrò mi di ọmọ yunifásítì, kí èmi máa sá láfún?"

Àbúrò mi ló fọhùn: "Kò burú, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo lè dúró." Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Lọ́dún kẹta, wọ́n gbà mí, àmọ́ kì í ṣe fún ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́. Òótọ́ ni pé owó ilé-ìwé kéré. Ṣùgbọ́n yàrá ń bẹ, oúnjẹ ń bẹ, ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn ń bẹ, bí mo bá sì ti wálé báyìí, wọ́n á ti gé igi mìíràn. Kò pẹ́, àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Onílé mi kò daṣẹ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹ̀wù olórúkọ láyà ni mo fi ń sá láfún fún màmá mi. Wọ́n wọlé, wọ́n tún dá a sílẹ̀. Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ mú bàbá mi, igi tó kù bá ọsibítù lọ, bàbá náà sì lọ. Mi ò padà sí yunifásítì mọ́. Àbúrò mi ti lọ sílé ọkọ kó tó dìgbà náà. Kò sẹ́ni tó lé e. Ìdúró ló sú u. Ó ṣáájú mi sílé ọkọ, ayé kò sì wó.

Ní Ìlaró ni mo wà báyìí, ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀mpútà kan, mo ń bá àwọn ọmọ ẹlòmíràn kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì. "Àǹtí, èwo ló dára jù?" ni wọ́n máa ń bi mí. Mo máa ń sọ ohun tí mo mọ̀ fún wọn: èyí tó wọ́n, èyí tó lórúkọ, èyí tí wọ́n ti ń kọ́ni dáadáa. Kùkùté tíìkì bàbá mi ti hù, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá igi àjà kì í jẹ́ kó nípọn kí wọ́n tó gé e.

Àbúrò mi ń ta àǹkárá láti Kétu wá. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ó yà sọ́dọ̀ mi kí n bá a ṣe ẹ̀dà ìwé kan tí wọ́n fún un ní ẹnubodè. Faransé ni, mi ò mọ̀ ọ́n kà. Ó kà á sí mi létí, ó túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù, bí olùkọ́. Mo bá a ṣe é tán, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń lọ o."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ rí nítorí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnu mi kò sì gbà á lọ́jọ́ ọjà náà. Mo ní kó dìde. Ó dìde, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ.