Adìyẹ Lórí Àpótí Mi

Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà tí mo dé ilé ọkọ ní Kàbbà. Alágbẹ̀dẹ páànù ni ọkọ mi. Fìtílà ló sábà máa ń fi garawa kẹrosíìnì ṣe, ṣùgbọ́n bí àsìkò kọfí bá dé, àwọn tó ń ra kọfí a máa wá gbẹ́ páànù àmì lọ́dọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń tẹ orúkọ sára àpò, kí àpò ẹnì kan má baà di ti ẹlòmíràn lójú ọ̀nà.

Á tú garawa, á lù ú títí yóò fi tẹ́, á fi ìṣó ya lẹ́tà sí i, á gbé e lé ìtì igi, á wá fi irin ẹlẹ́nu mímú gé e díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà tó bá ní ihò nínú, bíi O, ó gbọ́dọ̀ fi afárá páànù tín-ín-rín sílẹ̀ láti di inú rẹ̀ mú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á já bọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ni wọ́n fi ń gún ọ̀dà dúdú lé e lórí. Bí ọ̀dà bá pọ̀, a ṣàn gba abẹ́ páànù, orúkọ ọlọ́jà a sì di ẹrẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ń fi abọ́ tánganran háyà fún àwọn tó ń ṣe ìsọmọlórúkọ. Abọ́ ń lọ, gbogbo wọn kì í bọ̀. Ó ní kí ọmọ òun gbẹ́ àmì fún òun. Kò mọ̀wé, nítorí náà adìyẹ ló fẹ́. Adìyẹ náà jọ ìjàpá. Ìyá ní kò burú, kò sẹ́ni tó máa lè gbẹ́ irú rẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ sídìí abọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sára ilẹ̀kùn, sára ọmọ odó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a rí àmì adìyẹ lára àgbò tí a so sẹ́yìnkùlé.

Mo ti oko dé, mo bá adìyẹ náà lórí àpótí aṣọ tí bàbá mi rà fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ wá sílé ọkọ láti Iyamoye. Mo sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi.

"Ọkun o, Ìyá," mo kí i.

"Ọkun, ìyàwó mi."

"Bàbá mi ló ra àpótí yẹn."

"Mo mọ̀. Kò ní sọnù mọ́."

"Ṣùgbọ́n tèmi ni, Ìyá."

"Ohun tó bá wà nínú ilé mi ni mò ń tẹ àmì sí. Àbí o fẹ́ kó jáde ni?"

Mo ní rárá. Ó ní ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Mo fẹjọ́ sùn fún ọkọ mi. Kò gbójú sókè. "Ìyá mi ni. Bí o bá fẹ́ àmì tìrẹ, irin nìyẹn."

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Mo mú irin náà.

Ojú ènìyàn ni mo yà, kó lè máa wo adìyẹ. N kò fi afárá sílẹ̀, ẹyinjú já bọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi ṣà á, ó wò ó, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ìkejì dúró. Mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ adìyẹ orí àpótí mi.

Ìyá wò ó títí. "Ta ló gbẹ́ ẹ?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ó mọ́ ju tèmi lọ." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú oníkọfí kan láti Òkè-Bùkún wá bá mi. Ọkùnrin náà yíjú sí ọkọ mi. "Ta ni yóò gbẹ́ ẹ?"

"Ìyàwó mi ni."

Ó tún béèrè. Ọkọ mi tún dáhùn. Ọkùnrin náà wá sọ orúkọ tó fẹ́. B wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, B kọ̀ọ̀kan sì ní ihò méjì tó ń fẹ́ afárá. Ọkọ mi kí mi kú iṣẹ́, ó padà sídìí fìtílà rẹ̀.