Ìyá Mi A Máa Kí Ẹsẹ̀ Mi

Mo rántí ìgbà tí ìyá mi máa ń kí ẹsẹ̀ mi kó tó kí èmi fúnra mi. Láàárọ̀, kó tó lọ wo púpurù, ẹ̀gẹ́ tó ń fi èéfín gbẹ lórí iná, á jókòó sí etí ibùsùn mi, á fọwọ́ bo àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, á ní, "Ṣé ẹ jí ire?" Lẹ́yìn náà ló máa tó gbójú sókè bi mí pé, "Ọma mi, ó ń ta ẹ́?" Bí mo bá ti ní ó ń ta mí, ẹ̀rín á gba ẹnu rẹ̀, á ní Olúwa ṣeun. N kò rò pé ọmọ mìíràn wà ní gbogbo Ìlútítun nígbà náà tí ìrora rẹ̀ ń dùn mọ́ ìyá rẹ̀ nínú.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Ẹyìn ni mo ń kọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, bí mo bá sì ti dé orí ọ̀pẹ, orin ni mo máa ń kọ kí àwọn ọmọge tó ń ṣa ẹyìn nísàlẹ̀ lè gbójú sókè wò mí. Àbúrò bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó máa ń sọ ọ́ pé kí n fi igbà, okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ, kọ́ ìdí ọ̀pẹ, kí n fara tì í, kí n fi gbogbo agbára fà á lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹsẹ̀ mi tó kúrò nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti pa igbà náà mọ́jú, ó sì ní kí n má tíì gùn. Mo dá a lóhùn pé ẹ̀rù ti ń pọ̀ jù lára àwọn àgbà. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i. Èmi gun orí ọ̀pẹ, n kò sì rí i. Igbà já, ẹ̀yìn ni mo fi balẹ̀. Mo ń gbọ́ igbe àwọn ọmọge yẹn, mo ń rí ojú ọ̀run, àmọ́ láti ìbàdí mi lọ sísàlẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹlòmíì ló ni ín.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ní ọsibítù, wọ́n dá mi padà sílé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ arọ àti oògùn. Kò pẹ́ tí iná fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gún àtẹ́lẹsẹ̀ mi, n kò ní mọ̀. Síbẹ̀, nínú lọ́hùn-ún, ó ń jó mi bí ẹni pé mo ki ẹsẹ̀ bọ ààrò. Igbe ni mo fi pe ìyá mi. Kàkà kó sunkún, ó pàtẹ́wọ́.

"Uná! Ó ń gbọ́ uná! Ohun tó bá ti kú kì í dunni. Ẹsẹ̀ rẹ ń jí, ọma mi!"

Àwọn aládùúgbò wá bá wa yọ̀. Ìyá mi kó oògùn ìrora tí wọ́n fún mi sínú agolo mílíìkì, ó fi kọ́ òkè àjà. Nígbà tí mo bèèrè rẹ̀, ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ tún sùn ni?" Ẹ má dá a lẹ́bi, èmi náà gbà á gbọ́. Mo ń fi eyín di aṣọ mú, mo ń làágùn, mo sì ń dúpẹ́. Lọ́jọ́ tí ìrora náà bá rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rù á bà mí, màá sì purọ́ fún un pé ó ń ta mí gan-an.

Lọ́jọ́ kan ó ní òun máa ran ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ kó lè tètè jí dáadáa. Ó ń rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, ó ń fún un, ó ń fi dì mí láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọmọ ìka. Iná ti mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára láti ọjọ́ pípẹ́, kò ka gbígbóná sí. A jọ ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí màá padà sóko. Nígbà tó tú aṣọ náà níkẹyìn, awọ ẹsẹ̀ mi bá a lọ.

"Kí ló dé tí o ò ké?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó ju aṣọ náà sílẹ̀, ó sáré jáde lọ pe ẹni tó máa gbé wa lọ sí ọsibítù.

Ní ọsibítù, àgbà nọ́ọ̀sì kan, ará Èkìtì, wẹ egbò náà, ó wá jókòó ti ìyá mi. Ó ní, "Màmá, ìrora yẹn ò wá láti ẹsẹ̀. Okùn tó wà nínú eegun ẹ̀yìn ọmọ yín ló bàjẹ́, ibẹ̀ ló ti ń ké. Ẹsẹ̀ yìí ò jí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní oògùn rẹ̀." Ìyá mi bi í pé, tó bá di ọ̀la ńkọ́? Nọ́ọ̀sì náà mi orí pé rárá, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bí a ti délé, ìyá mi gun àga, ó já agolo náà sílẹ̀, ó sì fi oògùn sí mi lẹ́nu fúnra rẹ̀. Iná náà kò kú, àmọ́ ó rọlẹ̀, mo sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọlé, ó kí mi, ó wẹ egbò mi, ó sì fa aṣọ bo ẹsẹ̀ mi. Kò kí wọn. Mo dúró títí, n kò lè pa á mọ́ra mọ́, mo ní, "Màmá, ó ń ta mí o." Irọ́ kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọma mi," ó sì jáde lọ sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí igbà já lọ.

Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti kú. Igbà ni mò ń ṣe tà báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń rà á máa ń fi mí rẹ́rìn-ín nítorí pé n kì í jẹ́ kí wọ́n lọ láìfà á lẹ́ẹ̀mẹta lójú mi. Mo ti mọ ìwà ìrora yìí: mo mọ̀ pé òtútù ń mú un le, mo mọ̀ pé jíjókòó pẹ́ kò bá a mu, mo sì ń lo oògùn mi lásìkò. N kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, láàárọ̀, bó bá ti jí ṣáájú mi, mo máa ń dijú díẹ̀ sí i, kí n fetí sílẹ̀ bóyá ẹnì kan máa kí ẹsẹ̀ mi. Ìrora ọjọ́ yẹn náà ni. Ẹni tó ń bá mi yọ̀ sí i ni kò sí mọ́.